Ilé Alámọ̀ Kì í Ṣe Òrìṣà

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bínú sí wa. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bínú lẹ́yìn náà, kó bínú, a ó ṣì máa gbàdúrà fún un.

Láti ìgbà tí a ti dé láti Jọ́ọ̀sì ni fóònù wa kò ti sinmi. Ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ ló gbé wa dé ọ̀hún. Àwa mẹ́rìnlá la lọ látinú ìjọ wa: alàgbà méjì, ìyá mẹ́ta, ọ̀dọ́ mẹ́jọ, pẹ̀lú àwa tí à ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn wọn. Nígbà tí ìpàdé parí, ó ku ọjọ́ kan kí á padà sílé, a bá kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀. A ya fọ́tò, a fi síta. Ẹ̀ṣẹ̀ wa nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìpè bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe ilé òrìṣà lẹ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ yẹn?" Òjíṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan, tí a jọ kàwé nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, sọ ọ́ sí wa létí gbangba pé ohun àtijọ́ ti kọjá lọ, pé Kristẹni tó bá ń wẹ̀yìn, aya Lọ́ọ̀tì ni.

A dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń bọ̀ nínú ìjọ tiwa gan-an tí kò jẹ́ kí á lè dákẹ́ mọ́. A ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí a rí, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń bú wa kò débẹ̀ rí. Ọdún 1952 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì, tí ọ̀gbẹ́ni Bernard Fagg dá sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni apá kan wà tí kì í ṣe inú yàrá, gbangba ìta ni. Ilé ni wọ́n fi ṣe àfihàn níbẹ̀. Kì í ṣe ilé kékeré bí ohun ìṣeré ọmọdé o. Ilé tí wọ́n kọ́ ní ìwọ̀n gidi ni, kí á lè mọ bí àwọn baba wa káàkiri Nàìjíríà ṣe ń kọ́lé. Ẹ ó rí odi ìlú Kánò. Ẹ ó rí mọ́ṣáláṣí Sáríà, èyí tí wọ́n kọ́ ojúlówó rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ ó rí abúlé àwọn Tífì, ilé rìbìtì rìbìtì tó yí gbàgede ká. Ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì kan, ayàwòrán-ilé tó ń jẹ́ Zbigniew Dmochowski, ló ṣe ètò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Kó tó dìgbà náà, ó ti rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ó ń wọn ilé alámọ̀, ó ń yà á sínú ìwé: ògiri, òpó, òrùlé. Ó kú ní 1982. Ní 1990 ni iṣẹ́ rẹ̀ tó di ìwé, ìdìpọ̀ mẹ́ta gbáko.

Ta ló ní kí á forí balẹ̀ níbẹ̀? Kò sí. Wọn ò pa adìẹ, wọn ò da obì, wọn ò bu omi tútù sílẹ̀. Ilé la wò.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí wa níbẹ̀. Èkíní: ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, fọwọ́ lé ògiri kan, kò sì gbé e kúrò. A rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní rárá. Ó ní ó ti tó ogójì ọdún tí òun ti fọwọ́ kan ògiri tó tutù bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, pé òun rò pé ọwọ́ òun ti gbàgbé. Èkejì: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa wo odi Kánò, ó wo ilé Tífì, ó wá bi wá pé, "Dádì, níbo ni ti Àkókó wà?"

Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì fọ̀. Àwa tí à ń wàásù lósọ̀ọ̀sẹ̀, tí a gba ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, ìbéèrè ọmọ yẹn pa wá lẹ́nu mọ́ títí a fi wọ bọ́ọ̀sì.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á dé orí ẹ̀sùn. Ẹ ní ilé òrìṣà ni. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 6. Ọlọ́run rán Gídíónì pé kí ó wó pẹpẹ Báálì tó jẹ́ ti baba rẹ̀, kí ó sì gé ère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lulẹ̀. Gídíónì gbọ́ràn, òru ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka tọ́ ọ fún wa: ibo ni Gídíónì ti wó ilé baba rẹ̀? Pẹpẹ ló wó. Ilé dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ará ìlú ní kí baba náà mú ọmọ rẹ̀ jáde kí àwọn pa á, baba yẹn náà ló gbèjà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín pẹpẹ àti ilé, òun ni Ọlọ́run lè rán níṣẹ́ ìwólulẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, ejò idẹ ńkọ́? Ohun àtijọ́ tí Mósè fúnra rẹ̀ ṣe, ṣebí Hesekáyà fọ́ ọ túútúú! Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 18. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìdí rẹ̀: àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i. Nínú gbogbo Àkókó, láti Ìkàré dé Ọ̀kà dé Ìsúà, ẹ mú ẹnìkan ṣoṣo wá tó ń sun tùràrí sí ògiri ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹ mú un wá, àwa la ó kọ́kọ́ gbé òòlù.

Ní ti aya Lọ́ọ̀tì, Sódómù ni ọkàn rẹ̀ wà tó fi wẹ̀yìn. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí baba fi ibi tí Olúwa ti gbé e wá han ọmọ rẹ̀. Ní Jóṣúà orí 4, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti inú odò Jọ́dánì, wọ́n sì tò ó jọ sí Gílígálì. Kí nìdí? Nítorí ọmọ tó ń bọ̀, tí yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọlọ́run mọ̀ pé ọmọ á bèèrè. Ó pèsè ohun tí ọmọ á fojú rí, kí baba lè rí ẹnu sọ̀rọ̀. Àwa ti da òkúta tiwa nù, ó wá ku kí ọmọ máa bèèrè, kí á máa wojú ara wa.

Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Nígbà tó dé Áténì, ó rìn káàkiri ìlú, ó fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń sìn. Pẹpẹ gidi ni tiwọn o, kì í ṣe ògiri lásán. Ibẹ̀ náà ló ti mú ọ̀rọ̀ ìwàásù rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ òde òní ni, tó sì ya fọ́tò, ẹ ò bá ti pe Pọ́ọ̀lù ní abọ̀rìṣà.

A kì í purọ́. A mọ̀ pé nínú agbo ilé mìíràn, ojúbọ wà ní igun kan. Inú irú rẹ̀ ni wọ́n bí wa sí. Nígbà tí ilé wa gba Jésù, ohun tó wà ní igun yẹn la kó jáde, a gbàdúrà yípo gbogbo yàrá, a sì ń sùn níbẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó lè wẹ ènìyàn mọ́, ṣé ògiri ló wá fẹ́ ṣòro fún un?

Ẹ jẹ́ kí á bára wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn ló ń lé wa kúrò nídìí ilé alámọ̀. Ìtìjú ni. A ò fẹ́ kí àlejò láti Èkó tàbí Àkúrẹ́ mọ̀ pé inú amọ̀ la ti jáde wá. A wá ń fi orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ bo ìgbéraga mọ́lẹ̀. Erùpẹ̀ ni Ọlọ́run fi mọ Ádámù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á máa bú erùpẹ̀ bí ẹni pé síméńtì ni wọ́n fi mọ tiwa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ̀, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á da omi sí i, àwọn géńdé á wọnú rẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi fà dáadáa. Wọ́n á mọ ọ́n rìbìtì, wọ́n á máa jù ú sí ẹni tó wà lórí ògiri. Bí wọ́n bá mọ ipele kan tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri á wó lé e lórí. Kò sì sí ẹni tó ń dá kọ́lé, ọ̀wẹ̀ ni. Onílé á se oúnjẹ, ẹbí á wá, àna á wá, ẹgbẹ́ á wá. Lọ́la, ó di ti ẹlòmíràn. Àgbàlá wà láàárín ilé, ìkòkò wà níbẹ̀ tó ń gba omi òjò. Bí oòrùn bá ń jó lóde, inú yàrá tutù, nítorí ògiri nípọn. Àwa wá jókòó sábẹ́ páànù nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a fi bulọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́, à ń làágùn bí ẹni tó sáré, à ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí fáànù lè yí.

Ṣùgbọ́n a kò ní kí ẹnikẹ́ni padà lọ gbébẹ̀ o. Ìyá tó fọwọ́ lé ògiri yẹn, òun náà ló sọ fún wa nínú bọ́ọ̀sì pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òun ti sin ọmọ méjì. Ó ní ejò máa ń gba inú ewé òrùlé wọlé, pé bí iná bá mú ilé kan, ó lè ran gbogbo agbo ilé, pé orí òun yìí ló ru omi odò láàárọ̀ lálẹ́ fún ogún ọdún. Àwọn tó ń sọ pé ayé àtijọ́ dùn, púpọ̀ nínú wọn kò pọnmi rí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan kò lè fi ìyẹn hàn: ilé á dúró, ilẹ̀ á mọ́, ṣùgbọ́n èéfín kò sí níbẹ̀, ẹkún ọmọ kò sí níbẹ̀. Àgbà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti sọ ọ́. Bí ilé bá sì lọ, ọ̀rọ̀ àgbà á tẹ̀lé e lọ. Kò ní sí ibi tí ìyá á na ọwọ́ sí kó ní, "Ibí ni."

Kí ni ọmọ Àkókó á mọ̀ nígbà náà? Àwọn baba ńlá wa kò ṣàdédé fẹ́ràn òkè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Tápà láti Bídà ń kó Àkókó lẹ́rú. Orí àpáta àti inú ihò òkúta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá sí. Ní 1897 ni Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Lẹ́yìn tí ogun rọlẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ rò ó wò: ilé tí wọ́n wá kọ́ sísàlẹ̀, ilé ẹni tí kò sá mọ́ ni. Ògiri amọ̀ yẹn jẹ́ ẹ̀rí pé Ọlọ́run fún wa ní ìsinmi kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá. Àwa Kristẹni ló yẹ kó kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé àwa náà la kọ́kọ́ ń wó o.

Ìhìnrere gan-an, níbo ló ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìlú wa? Ṣé inú gbọ̀ngàn onígíláàsì ni? Ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹnìkan ni, lórí ẹní àti àpótí. Ní Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845 ṣì dúró títí dòní. Kristẹni ń lọ wò ó, wọ́n ń ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó pè é ní òrìṣà. Kí ló wá dé tí ilé míṣọ́nnárì fi jẹ́ ìtàn, tí ilé baba tó gba ọ̀rọ̀ náà sílé rẹ̀ fi jẹ́ ti èṣù? Ẹ dá wa lóhùn.

Ẹ wo ilẹ̀ òkèèrè. Ní Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Swídìnì, ọdún 1891 ni Artur Hazelius dá Skansen sílẹ̀. Ó kó ilé àwọn àgbẹ̀ láti oríṣiríṣi ìgbèríko jọ sí gbangba kan ṣoṣo, kí àwọn ọmọ ìgboro lè mọ bí ìyá wọn ṣe gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan wà níbẹ̀ láti Seglora, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1730. Ní 1916 wọ́n tú u, wọ́n kó o wá, wọ́n sì tò ó padà. Dòní olónìí, wọ́n ń so ọkọ àti aya pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní Staunton ní ìpínlẹ̀ Virginia, wọ́n kọ́ agbo ilé alámọ̀ àwọn Ìgbò sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti wá. Ẹ gbọ́ o: Amẹ́ríkà ń po amọ̀ kí wọ́n lè kọ́ ilé wa, àwa ń san owó kí wọ́n bá wa wó o.

Ọ̀rọ̀ wà fún apá kejì náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe gbogbo nǹkan ní àṣà, tí ẹ rò pé Pásítọ̀ ti darapọ̀ mọ́ yín, ẹ sinmi. Kí á tọ́jú ilé kò ní kí á mú ewúrẹ́ wá síbẹ̀. A kò ní dá ojúbọ padà, a kò ní fi orúkọ ìrántí ṣe ètùtù. Ohun tí Gídíónì wó ti wó nìyẹn. Ilé la ní kó dúró.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí a fi kọ gbogbo èyí.

Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, àwa fúnra wa, ẹnu wa yìí náà, la fi pàṣẹ kí wọ́n wó ọ̀ọ̀dẹ̀ tí ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn méje ló pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Katakata wó o láàárọ̀ ọjọ́ kan. A ní a fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí a lè lò. A kò tilẹ̀ rò ó. Nígbà tí ìjọ pé ọgbọ̀n ọdún, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní kí á mú àwọn lọ síbi tí Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. A tò wọ́n, a mú wọn lọ sí ìdí ṣalángá. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí, ẹbí kan ti fi agbo ilé wọn ta ìjọ lọ́rẹ. Òun nìkan ló kù ní àdúgbò wa nínú àwọn ilé alámọ̀ tó ní àgbàlá láàárín. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, igun kan ti ń ṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ti dìbò pé kí á wó o, kí á fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkọ̀ tó ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi kò ju mọ́kànlá lọ; a kà á. Ọmọlúàbí ni àwọn ará ìgbìmọ̀ yìí, ìlọsíwájú ìjọ ni wọ́n ń wá, a kò sì fẹ́ fi agbára olùṣọ́ pa ìbò wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ ní gbangba.

Ohun tí a fẹ́ nìyí. Omi ni ọ̀tá amọ̀: èyí tó ń jò láti òrùlé àti èyí tó ń jẹ ìdí ògiri. Ẹ jẹ́ kí á kan páànù tuntun tí etí rẹ̀ yọ síta dáadáa, kí á la gọ́tà yí ìdí ilé ká, kí á fi amọ̀ di igun tó ṣẹ́. Àgbà méjì ṣì kù ní àdúgbò tó mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Káfíńtà ti bá wa ṣírò rẹ̀, kò tó ìdajì owó katakata àti síméńtì tí wọ́n fẹ́ ná. Kí àwọn ọ̀dọ́ mú tépù àti bírò, kí wọ́n wọn gbogbo yàrá sínú ìwé. Bí ọmọ Pólàńdì bá lè ṣe é, ọmọ onílé kò gbọdọ̀ sọ pé òun ò lè ṣe é. Kí yàrá kan jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí òmíràn gba ọlọ, ìkòkò omi, ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti ń jù sí ààtàn. Ohun ìbọ kankan kò ní wọbẹ̀. Kí àwọn ìyá wa máa jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ, adùn rẹ̀ àti oró rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ tí wọ́n sin.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ní ẹsẹ Bíbélì tó ní kí á wó ilé yìí, ìpàdé ìjọ jẹ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ wá kà á fún wa. A ó fún yín ní àga. Bí ìjọ bá sì gbọ́ tẹnu wa tán, tí wọ́n ṣì ní kí á wó o, a ó tẹríba. Ṣùgbọ́n ẹ má pè wá wá gbàdúrà sórí katakata. A ti ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ tó bi wá léèrè ní Jọ́ọ̀sì ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí bẹ́ǹṣì kejì ló máa ń jókòó sí. A fẹ́ lè mú un lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, kí á ní, "Ti Àkókó nìyí."

Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa gbé òkúta ìrántí dànù. Kí ó la ojú wa láti mọ pẹpẹ yàtọ̀ sí ilé. Àmín.

Olùṣọ́-àgùntàn yín, láti Èpìnmì-Àkókó.